Adelé Inú Kábínẹ́ẹ̀tì: Ìrántí Iṣẹ́ Tẹlifóònù ní Ilẹ̀ Yewa

Ẹ̀gbádò ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa nígbà tí mo wọ iṣẹ́ tẹlifóònù. NITEL ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ní January 1985 ni ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára P and T, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fún àpapọ̀ wọn lórúkọ tuntun. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní P and T kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlaro. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, èyí tó ń sinmi ló yẹ kí ojú ènìyàn wà lára rẹ̀ jù. Ayé ìgbà náà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn kò bá a lọ, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ kí àwa tó mọ̀ ọ́n tó tán.

Ó máa ṣòro fún ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2001 láti mọ ohun tí fóònù jẹ́ nígbà náà. Títí tí ọ̀rúndún tó kọjá fi parí, gbogbo ìlà tó wà ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ a ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Ènìyàn á kọ̀wé béèrè ìlà, á sì retí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní London á lọ sí ọ́fíìsì NITEL, á sanwó, á jókòó títí wọn á fi pe orúkọ rẹ̀. Ní agbègbè wa, àwọn ilé-iṣẹ́, báǹkì, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba ìlà tó wà. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ti ń ṣiṣẹ́ ní Ewékorò láti 1960. Federal Polytechnic dé Ìlaro ní 1979. Ayétòrò ti ní Comprehensive High School rẹ̀ tó lókìkí láti 1963, àwọn aṣọ́bodè àti àwọn oníṣòwò sì kún Ìdìrókò. Gbogbo irú ibi báwọ̀nyí ló nídìí láti bá Èkó àti Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Níbẹ̀ niṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà NITEL tó wọ ilé-iṣẹ́ kan lè má ju mẹ́rin lọ, kí tábìlì tó nílò fóònù níbẹ̀ sì tó ọgọ́ta. Ẹ̀rọ tó ń pín ìlà mẹ́rin náà fún ọgọ́ta ènìyàn, tó tún ń jẹ́ kí wọ́n lè pe ara wọn nínú ilé láìsan kọ́bọ̀ fún NITEL, là ń pè ní PABX. Kábínẹ́ẹ̀tì irin ni, òmíràn ga tó ènìyàn, yàrá tirẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sí. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ó rí àwọn káàdì tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ sórí pẹpẹ: káàdì àwọn fóònù inú ilé, káàdì àwọn ìlà tó ń lọ síta, káàdì tó ń mú kí agogo fóònù dún, káàdì iná. Láàárín wọn ni káàdì méjì kan wà tí kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Àwọn ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà.

Ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń wo gbogbo ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe, ó ń kọ ọ́ sí iyè, kò sì dá sí i. Bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá dákú, èkejì á bọ́ sí ipò rẹ̀ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Adelé ni ọ̀gá mi ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ṣe ní adelé tirẹ̀: rectifier méjì ló ń sọ iná NEPA di èyí tí ẹ̀rọ lè lò, bátìrì sì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì.

Mo fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan ní méjì-méjì, ọ̀gá mi sì fẹ́ràn ọmọ iṣẹ́ tó bá ń béèrè ìdí. Ó mú mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1891 ni Almon Strowger, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìsìnkú, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ láìsí pé ènìyàn ń fi ọwọ́ ki wáyà bọ ihò. Irú ẹ̀rọ Strowger yìí ni àwọn ará P and T fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Irin ló ń gòkè, irin ló ń yí, ìpè kọ̀ọ̀kan sì ní irin tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá há, ìpè kan ló bàjẹ́, ìyókù ń lọ. Ìgbà tí wọ́n mú kọ̀ǹpútà wọ inú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé ọpọlọ kan ṣoṣo ló wá ń darí gbogbo ìpè. Bí ọpọlọ yẹn bá kú, gbogbo ìlú ló dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Bell Labs gbé 1ESS, ẹ̀rọ tẹlifóònù tí kọ̀ǹpútà ń darí, kalẹ̀ ní ìlú Succasunna, ní New Jersey, ní 1965, ọpọlọ méjì ni wọ́n fún un. Ohun tí wọ́n lépa ni pé kí àpapọ̀ àkókò tí ẹ̀rọ náà máa fi dákẹ́ má ju wákàtí méjì lọ láàárín ogójì ọdún. Ọ̀gá mi máa ń sọ iye yìí lásọtúnsọ. Ó ní kò sí irin kan láyé tí kì í bàjẹ́ láàárín ogójì ọdún, nítorí náà, kì í ṣe irin tí kì í bàjẹ́ ni wọ́n rí. Ohun tí wọ́n rí ni bí èyí tó bàjẹ́ ṣe lè gba àtúnṣe kí èkejì tó bàjẹ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa. Ọpọlọ méjì kò wúlò bí ẹni kan kò bá tètè mọ̀ pé ọ̀kan ti kú. Ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Bí ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ bá kú, adelé á gbà á, iṣẹ́ á máa lọ, kò sẹ́ni tó máa ké. Bó bá jẹ́ adelé fúnra rẹ̀ ló kú, ìdákẹ́jẹ́ náà tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò tilẹ̀ sí ohun tó yí padà rárá. Fóònù ń dún, ọ̀gá ń pe Èkó, akọ̀wé ń pe ilé ìdáná. Ilé-iṣẹ́ ti padà di ọlọ́pọlọ kan, ó sì ṣì rò pé òun ní méjì. Bí ìbọn ọdẹ tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri tí ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ nínú ló rí: ọkàn gbogbo ilé balẹ̀ nítorí rẹ̀ títí di òru tí olè dé.

Ilẹ̀ wa kò sì rọrùn fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á bo àwọn káàdì. Bí òjò bá dé, ọ̀rinrin á bá eruku yẹn, á di ẹrẹ̀ tín-ín-rín tí iná lè gbà kọjá láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì lára àwọn ègé kéékèèké orí káàdì tí à ń pè ní IC. Eku ń gé wáyà jẹ, ọmọńlé ń wọ inú kábínẹ́ẹ̀tì lọ yá oòrùn, ó ń fi ara kan ibi méjì tí kò yẹ kó pàdé. NEPA ń mú iná lọ, ó ń dá a padà pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ.

Àrá ló burú jù. Wáyà NITEL ń gba orí òpó kọjá nínú oko fún ọ̀pọ̀ máìlì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mànàmáná tó bá sì bọ́ nítòsí rẹ̀ á bá a wọlé. A máa ń fi ohun tó ń gba àrá dúró sí ibi tí wáyà ti wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti darí agbára náà sínú ilẹ̀, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ilẹ̀ Ìlaro kún fún yanrìn, débi pé orúkọ ìlú wa gan-an ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pe àpáta oníyanrìn tó wà nísàlẹ̀ agbègbè yìí. Yanrìn kì í pa omi mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ọ̀pá irin tí a rì mọ́lẹ̀ á dúró sínú yanrìn gbígbẹ tí kò gba iná. Àwa á gbẹ́ ilẹ̀ yíká rẹ̀, a ó da èédú àti iyọ̀ sí i, a ó sì bẹ aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ pé kó máa bomi rin ín títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé. Ìgbà kan wà tí àrá bọ́ sí ilé kan tí wọ́n pè wá sí, àwọn àgbà àdúgbò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan títí àwọn oníṣàngó á fi wá ṣe ohun tó yẹ. Ọ̀gá mi jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú wa títí wọ́n fi ṣe tán, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà la wọlé lọ wọn ọ̀pá ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé ní 1986, tí náírà ń já wálẹ̀, àtúnṣe di ọ̀ràn mìíràn. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá sọ pé bí káàdì bá bàjẹ́, kí a yọ ọ́, kí a fi tuntun sí i, kí a fi èyí tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Owó tí wọ́n fi ń ra káàdì kan tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó ti àwọn káàdì náà fúnra wa. Ojú àti imú la kọ́kọ́ ń lò: kí ló gbóòórùn ìjóná, kapásítọ̀ wo ni orí rẹ̀ wú, ibo ni lẹ́ẹ̀dì ti sán lábẹ́ ẹsẹ̀ rìlé nítorí pé ó ń gbóná, ó ń tutù, lójoojúmọ́? A ń fi rọ́bà ìparẹ́ ọmọ ilé-ìwé nu etí káàdì níbi tó ti ń wọ inú ihò rẹ̀ títí á fi dán, a ó wá fi sípíríìtì nù ún. Ohun tí a bá nílò, ọjà Alábà l'Ékòó ni, a ó sì fi mítà dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí a ń bá tọ́jú PABX rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí a débẹ̀ fún ìbẹ̀wò, obìnrin tó ń gba ìpè kí wa tayọ̀tayọ̀. “Ẹ̀yin Ẹ̀ńjíníà, ẹ káàbọ̀ o. Kò síṣòro kankan lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo fóònù ló ń dún.” Ọ̀gá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ṣílẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára ọpọlọ àkọ́kọ́. Lára èkejì, níbi tí iná yẹ́lò yẹ kó wà, òkùnkùn ni. Lókè pátápátá, níbi iná pupa tó ń kéde pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹnì kan ti gé téèpù dúdú kékeré, ó ti fi bo ojú iná náà. Mo ṣí téèpù yẹn, pupa náà ràn sí mi lójú. Téèpù náà ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gan mọ́ ike. Nínú ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, a rí i pé adelé ti kú láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn.

A lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Ó fetí sílẹ̀, ó wá béèrè pé, “Ṣé fóònù wa ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, sà.”

“Kí lẹ wá fẹ́ tún ṣe?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Owó ló ń ṣọ́, gbogbo wa la sì mọ bí nǹkan ṣe le tó nígbà náà. Ọ̀gá mi kò bá a jiyàn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, méjì lẹ san owó rẹ̀, ọ̀kan ló kù fún yín. Bí èyí tó kù bá lọ ní ọ̀sán, ẹ ó ránṣẹ́ pè wá, a ó wá. Bó bá lọ ní òru tí iná sọ nínú ilé ìkẹ́rù yín, kò ní sí fóònù tí ẹ máa fi pe panápaná.” Ọkùnrin náà ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní òun kò fẹ́ kí ìpè kankan já, kí a sì ṣe é lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Yíyọ káàdì tó ti kú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń mí ni ibi tó léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì jọra, ihò wọn tẹ̀lé ara wọn, ìlẹ̀kẹ̀ iná kékeré nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá yọ alààyè ní ipò òkú ti pa gbogbo ilé-iṣẹ́ lẹ́nu mọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá mi ní òfin fún èyí, kì í sì í yẹ̀ ẹ́ bó ti wù kó rẹ̀ wá tó. Ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. A ó so wáyà kan mọ́ ọrùn ọwọ́, a ó so etí rẹ̀ kejì mọ́ irin kábínẹ́ẹ̀tì, kí agbára tó wà lára ènìyàn má bàa jó IC. Ọ̀kan á ka nọ́ńbà ihò látinú ìwé. Èkejì á fi ìka kan káàdì náà, á ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sókè. Wọn á ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọn á pààrọ̀ ipò: ẹni tó kàwé á fọwọ́ kàn án, ẹni tó fọwọ́ kàn án á kàwé. Ìgbà tí ẹnu méjèèjì bá bára mu ni a ó tó tú bọ́ọ̀tù rẹ̀.

A gbé káàdì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bátìrì róbótó kan wà lára rẹ̀ tó ń pa iyè mọ́ bí iná bá lọ. Òun ló ti jò. Omi rẹ̀ ti sàn gba orí bọ́ọ̀dù, ó ti di àwọ̀ ewé, ó sì ti jẹ okùn bàbà méjì tín-ín-rín já lójú ọ̀nà tó gbà. Ọ̀gá mi fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ojú ibẹ̀, nítorí pé kíkan ọsàn ń pa oró bátìrì, ó tún fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, ó gbé e sí oòrùn. Mo di gíláàsì ìwoǹkan mú sí i lójú nígbà tó ń fi wáyà kan tí kò nípọn ju irun lọ so etí bàbà kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. A yọ bátìrì náà, a fi tuntun sí i, a fi okùn gbé e jìnnà sí bọ́ọ̀dù kí ó má bàa rí ibi jò sí mọ́.

Nígbà tí a dá káàdì náà padà sí ihò rẹ̀ lóru ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó wà nínú iyè ẹnìkejì rẹ̀ kọ. A dúró. Iná yẹ́lò tàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́. Ọ̀gá mi ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Iná yẹ́lò kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè tàn kó má lè ṣiṣẹ́.” Ó ní kí n lọ wo bóyá ẹnì kan ń lo fóònù. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wà lórí ìlà Èkó, ó ń ka iye àpò ẹrù fún wọn. Ọ̀gá mi pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ọpọlọ àkọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún adelé. Aláwọ̀ ewé di yẹ́lò, yẹ́lò di aláwọ̀ ewé. Nínú yàrá kejì, ọkùnrin náà ń ka iye àpò lọ, kò tilẹ̀ sinmi ẹnu.

Láti ọjọ́ náà, a sọ ọ́ di àṣà nílé-iṣẹ́ yẹn: oṣù yìí, ọpọlọ ti òsì á ṣiṣẹ́, oṣù tó ń bọ̀, ti ọ̀tún. Kò sí èyí tó tún máa sinmi débi tí á kú láìjẹ́ pé a mọ̀. Ní àkókò òjò ọdún náà, àrá kọlu wáyà ìta, ó sì pa ọpọlọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rọ la fi mọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Adelé ti gbà á lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó fura, obìnrin tó ń gba ìpè tún sọ fún wa pé kò síṣòro kankan. Inú ọ̀gá mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ti rí i rí lọ.

Bátìrì ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Sẹ́ẹ̀lì 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan fọ́ltì 2, ló ń para pọ̀ di fọ́ltì 48 tí ẹ̀rọ ń lò. Níwọ̀n ìgbà tí rectifier bá ń fún wọn níná, gbogbo wọn ló máa ń fi iye tó dára hàn lójú mítà, àti èyí tó ní láárí àti èyí tí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun funfun. Ìgbà tí NEPA bá lọ ni òtítọ́ ń jáde, sẹ́ẹ̀lì kan tó kú sì tó láti fa mẹ́tàlélógún yòókù lulẹ̀. Nítorí náà, àwa fúnra wa la máa ń pa iná ojúlé ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo ènìyàn wà lójúfò, a ó jẹ́ kí bátìrì gbé ẹrù fún wákàtí mélòó kan, a ó sì máa wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń lọ. Èyí tó bá ń yára já wálẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni ká pààrọ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀gá mi tún kọ́ wa pé adelé gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹni tó ń delé fún. Àpẹẹrẹ tó máa ń mú ni iná tó jó ilé gogoro NET ní Marina, l'Ékòó, ní January 1983. Ohun púpọ̀ tí Nàìjíríà fi ń bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, nígbà tí iná sì dé, ẹnu orílẹ̀-èdè há. “Adelé tó bá ń bá olóyè sùn lórí ẹní kan náà,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn, “iná kan náà ló máa jó wọn.” Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ jà pé kí okùn fíúsì rectifier méjèèjì má wá láti ibì kan náà, kí bátìrì má sì wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ wà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ Amẹ́ríkà ti 15 January 1990 tún fi kókó mìíràn hàn wá. Ẹ̀rọ ńláńlá 114 ni AT&T ní fún ìpè ọ̀nà jíjìn, wọ́n wà káàkiri ilẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní adelé. Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ṣàìsàn díẹ̀, ó tún ara rẹ̀ tò, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé ara òun ti yá. Àṣìṣe kékeré kan wà nínú ètò ìṣiṣẹ́ tí gbogbo wọn ń lò, iṣẹ́ tó rán sì dá àwọn aládùúgbò náà dùbúlẹ̀. Bí àwọn yẹn náà ti ń jí, wọ́n ń ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn. Ó gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú. Ẹ̀rọ pọ̀, wọ́n jìnnà síra, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, àìsàn kan náà ló sì mú wọn.

Kí PABX tó dé ni àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè ti mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn gbójú lé ohun kan ṣoṣo. Láti Ìdìrókò, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìgólò ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n ìpè fóònù láàárín ìlú méjèèjì jẹ́ ìpè ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ìjọba ológun ti ibodè pa ní 1984, tí wọn kò ṣí i títí di 1986, àwọn ìyá wa tó ń ṣòwò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbójú lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Oníṣòwò tó gbọ́n ní oníbàárà ní Ọjà-Ọ̀dàn, ó ní ní Ìmẹ̀kọ, ó sì máa ń ná ọjà méjèèjì déédéé kódà nígbà tí ọ̀kan bá ti tó o jẹ, kí ojú àwọn ará ibẹ̀ má bàa ṣàjèjì sí i lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ohun tí àwa náà ń ṣe fún ọpọlọ òsì àti ti ọ̀tún nìyẹn.

Ní January 2001, ìjọba ta àṣẹ GSM ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di August ọdún kan náà, Econet àti MTN ti ń ta ìlà. Láàárín ọdún díẹ̀, ohun tí ènìyàn ń retí fún ọ̀pọ̀ ọdún di ohun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní Ìlaro. Ayọ̀ ńlá ni, mo sì bá wọn yọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú kábínẹ́ẹ̀tì, àwọn oníkóńdẹ́mù ń wọn káàdì ní kílò. Wọ́n gbìyànjú láti ta NITEL léraléra, ó di 2015 kí wọ́n tó fa ohun tó kù lé NATCOM lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ti lọ nígbà náà.

Adelé kò bá PABX lọ. Ẹ wo òpó GSM èyíkéyìí láàárín Ìlaro àti Ayétòrò: bátìrì wà nídìí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ẹ wo ilé ìwòsàn wa: jẹnẹrétọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé tó yẹ kó dìde bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ, bátìrì oòrùn sì wà tó yẹ kó gbé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ró. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ló ní inverter. Bí mo bá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí pàdé nílùú wa, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: ìgbà wo lẹ dán an wò kẹ́yìn, nígbà tí kò sí ìṣòro kankan? Ọ̀pọ̀ wọn á ní ó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ ń tàn.

Iná tó ń tàn kò tó. Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù, ní ọ̀sán, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà níbẹ̀. Ẹ pa iná ojúlé fúnra yín, kí adelé gbé ẹrù tó bọ́ sí i lọ́rùn fún àkókò tó nítumọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé. Kí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn sì ya owó sọ́tọ̀ fún un, kí wọ́n má ka owó náà sí èyí tó ṣòfò nítorí pé wọn kò rí ohun tó yí padà. Ẹni tó ń tún adelé ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ohunkóhun má yí padà. Ó yẹ kí a san owó iṣẹ́ náà fún un ní kíkún, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.